Aṣọ Aláránpọ̀ Àwẹ̀ró àti Ìyá Ọlọ́wọ́-Mẹ́fà

Ẹ sún mọ́ra, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí ibi jókòó sí. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná kí ó tètè lọ sọ̀ ọ́, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó lọ fẹ́ná. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọkọ Àwẹ̀ró, a-bá-ẹkùn-wí-kí-ẹkùn-máa-bẹ̀bẹ̀. Mo ti pa ẹfọ̀n níbi tí àwọn ọdẹ mìíràn ti ń wá ọ̀nà ilé. Mo ti sùn ti erè rí, tí a jọ pín ibùsùn kan títí ilẹ̀ fi mọ́, òun ló kọ́kọ́ dìde lọ nítorí pé mo ń hanrun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni, ẹ sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọyẹ́ ọdún kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọyẹ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè àgbà àti ètè ọmọdé fi sán. Gbogbo wa la gbọ̀n. Nígbà tó yá ọyẹ́ kógbá sílé, gbogbo wa sì ṣíwọ́ gbígbọ̀n, àfi Àwẹ̀ró. Oòrùn mú, ó ń gbọ̀n. A dá iná sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Àyìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, se omi ọbẹ̀ ata kan tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ lásán mú gbogbo agbo ilé sín, Àwẹ̀ró mu ún tán, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn síbẹ̀. Mo da kúbùsù bò ó, mo tún da òmíràn lé e. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Bàbá Mojírádé, ó wúwo, ṣùgbọ́n kò móoru." Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí aya ẹni sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síni létí, kí a má rí nǹkan kan ṣe sí i, ìtìjú rẹ̀ ju kí ìmàdò léni gun orí igi lọ.

Mo lọ bá Olúọdẹ Akínpẹ̀lú, àgbà tó kọ́ mi níbọn. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó fọ́n ikun, ó ní, "Òtútù yìí kì í ṣe èyí tí aṣọ ọjà lè gbà. Kó ìrépé aṣọ gbogbo tó ti móoru lára aya rẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Gbé wọn la Igbó Ẹ̀gún kọjá, lọ sí Ìlú Àránpọ̀. Ìyá Ọlọ́wọ́-Mẹ́fà ń bẹ níbẹ̀. Bí òun bá rán àwọn ìrépé náà di aṣọ kan, tí o sì dà á bo Àwẹ̀ró, ara rẹ̀ á móoru. Ṣùgbọ́n kí o tètè dé o. Bí ọyẹ́ tó ń bọ̀ bá bá a báyìí, ọyẹ́ náà ni yóò mú un lọ."

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló gé àwọn ìrépé náà, àlùmágàjí ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé etí ìró tí ìyá rẹ̀ fi gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ó gé adìrẹ tó ró wọlé mi ní ìyàwó. Ó gé ọ̀já tó fi pọn Mojírádé ọmọ wa, òórùn òrí ṣì wà lára ọ̀já náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yẹn ti wà nílé ọkọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí gbérí mi, ẹ̀wù ọdẹ mi àtijọ́ tó wà lára ògiri. Mo ní, "Èyí ń kọ́? Aṣọ tìrẹ ni?" Ó ní, "Ẹ ti gbàgbé òjò tó ká wa mọ́ ọ̀nà oko nígbà tí ẹ ṣì ń wá mi kiri? Gbérí yìí kọ́ lẹ fi bò mí?" Ó gé ìrépé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ lára rẹ̀, ó fi lé àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ má pẹ́ o." Mo ní n kò ní pẹ́.

Igbó Ẹ̀gún! Ẹni tó ń sọ pé òun mọ igbó, kí ó dákẹ́. Ẹ̀gún inú igbó náà gùn tó apá ènìyàn, ìdí kọ̀ọ̀kan wọn lu, òwú aláǹtakùn ló sì wà nínú ihò náà. Bí mo ṣe wọ ibẹ̀ ni igi kan na ẹ̀ka rẹ̀, ó rán apá ẹ̀wù mi mọ́ ara rẹ̀. Mo yìnbọn sí i. Èéfín ìbọn jáde, igi méjì gbá a mú, wọ́n rán an bí ẹni rán ẹnu àpò, wọ́n sì sọ ọ́ sílẹ̀ síwájú mi. Mo ní, "Ẹ ò tíì mọ̀ mí!" Mo pe àfẹ́ẹ̀rí mi, mo sì di àwátì lóòótọ́. Àṣé ara mi nìkan ni àfẹ́ẹ̀rí gbé, kò gbé ẹ̀wù. Ẹ̀wù mi dúró gbagidi láàárín igbó láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, àwọn igi sì ń rán an lọ lọ́wọ́ kan. Ọgbọ́n tí mo rí dá kò ju kí n bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀ fún wọn, kí n ju ìbọn sílẹ̀, kí n sì sá. Bẹ́ẹ̀ ni akọni jáde nínú Igbó Ẹ̀gún pẹ̀lú ṣòkòtò àti àpò ìrépé, kò sí oògùn, kò sí ẹ̀wù, kò sí ohun tí a lè pè ní iyì.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè Ìlú Àránpọ̀ ni wọ́n ń pè ní Ojú-Abẹ́rẹ́. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ga, ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú náà sì lu já sí ìpàkọ́, tí mo fi ń rí ojú ọ̀run nínú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń rìn níhòòhò tó sì ń daṣọ bo gbogbo ayé?" Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èmi tí n kò wọ ẹ̀wù, tí mo gbé àpò aṣọ lọ́wọ́ láti lọ daṣọ bo aya mi. Mo lu àyà, mo ní, "Èmi Ọdẹ́gbàmí ni!" Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti fa abẹ́rẹ́ yọ, ó ti rán igun ẹnu mi kan pa. Àpá rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó, ẹni tí kò bá rí i dáadáa kí ó sún mọ́ mi. Ó tún bi mí léèrè. Mo fi ìdajì ẹnu tó kù sọ pé, "Abẹ́rẹ́ ni, jọ̀ọ́." Ó ṣí ibodè. Ẹnu tó ń fọ́nnu tẹ́lẹ̀ wá di ẹnu tó ń bẹ̀bẹ̀.

Nínú ìlú náà, ògiri kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Aṣọ aláránpọ̀ ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àwòrán sì ni aṣọ kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ òjò lórí òrùlé páànù, ìrépé funfun wẹ́wẹ́ àti ti aró, mo sì ń gbọ́ òjò náà. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ ẹkùn láàárín koríko, mo ti na ọwọ́ sí èjìká mi kí n tó rántí pé ìbọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin tó ń rán wọn ń kí ara wọn pé, "Òwú á gùn o!" wọ́n á sì dáhùn pé, "Á gùn, kò ní já."

Ìyá Ọlọ́wọ́-Mẹ́fà jókòó láàárín wọn. Obìnrin sísanra ni, ojú rẹ̀ rọ̀, ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà lẹ́nu iṣẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, màá gba iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ òtítọ́ fún ọ: ọwọ́ mi ni wọ́n lóòótọ́, wọn kì í gbọ́ tèmi." Kò parọ́. Ọwọ́ kan wà tó ń jẹ́ Tètèbẹ̀rẹ̀, tí kò mọ̀ ju kí ó dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Kò-wù-mí-mọ́, bí iṣẹ́ bá ti dé àárín, á jù ú sílẹ̀. Atúká ni èyí tó burú jù, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa tú ohun tí àwọn yòókù ti rán, á ní kò gún. Àwọn mẹ́ta tó kù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà lórí òwú pupa.

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Ìyá á kọjú sí àwọn okùn tó so rọ̀ lára igi àjà. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀. Á bi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan pé, "Níbo lo dé?" Ọ̀kan á ní, "Mo ti so etí méjì pọ̀." Òmíràn á ní, "Mo ti rán ojú ẹkùn kan, ó ti ń wò mí." Bí wọ́n bá ti sọ ohun tí wọ́n ṣe, Ìyá á ta kókó sí okùn aṣọ náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi í pé, "Ìyá, ẹ ò ṣe bi wọ́n léèrè ohun tó kù?"

Ìyá ní, "Ọdẹ, gbọ́ dáadáa. Nílùú yìí, a kì í ka ohun tó kù. Ohun tí a ti ṣe là ń kà. Ohun tí ẹnu bá ti sọ pé ó kù, á kù títí ayé. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá. Ìyẹn ò le." Ó ń ṣe mí bí ẹ̀rín, mo ní ṣé ẹnu èmi ọdẹ ni mi ò ní lè ṣọ́?

Wọ́n kó ìrépé Àwẹ̀ró fún Tètèbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, inú rẹ̀ ń dùn. Ó mú ọ̀já, ó fi ṣe ọ̀nà tó wọ agbo ilé wa. Bí ó ti dé ibẹ̀ ni aṣọ mìíràn wù ú, ó sọ tèmi sọ́dọ̀ Kò-wù-mí-mọ́. Kò-wù-mí-mọ́ rán kànga, ó sì ní kò wu òun mọ́. Mo ń tẹ̀ lé aṣọ aya mi láti ọ̀dọ̀ ọwọ́ kan dé ọ̀dọ̀ ọwọ́ kejì, mo ń bẹ̀ wọ́n bí ìyálé tó ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá rán láàárọ̀, Atúká á tú u lọ́sàn-án. Bí mo bá bínú, ta ni màá bá jà? Ẹnu ìdáná ló yẹ kí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà, kó máa ha ìkòkò.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àti òwú, wọ́n ní kí n máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn. Ìka yìí tó ń tẹ ìbọn, tí erin mọ̀, kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́! Mo lá òwú, mo fún ojú pọ̀, òwú gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Sàlámì télọ̀, ìwọ tó jókòó lẹ́bàá ògiri yẹn, má bá wọn rẹ́rìn-ín. Dáńdógó mi wà lọ́dọ̀ rẹ láti ọdún tó kọjá, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ ohun tí o máa ń wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín yẹn gan-an ló bà mí jẹ́, ẹ̀yin télọ̀.

Aṣọ náà ń tóbi, bó ti wù kí Atúká tú u tó, ó ń tóbi. Etí ìró ìyá rẹ̀ di ojú ọ̀run. Adìrẹ di ilẹ̀ àgbàlá wa. Wọ́n fi Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ sáàárín, ó tẹ̀ba, ó ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ ìtẹ̀ba yẹn láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Nígbà tó yá, àyè kan ṣoṣo ló ṣófo, níbi àyà rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìrépé gbérí mi ló fẹ́ wọ ibẹ̀. Ìyá ní, "Kí oòrùn tó rọlẹ̀ lónìí, ọ̀kan nínú wọn á rán an mọ́ ọn." Ara mi yá gágá, mo ti ń di ẹrù mi.

Bẹ́ẹ̀ ni lékèélékèé kan bà sórí fèrèsé. Mo rí i, mo fi ẹrù sílẹ̀, nítorí lékèélékèé àti ọyẹ́ ni wọ́n jọ ń rìn. Ẹyẹ náà la ẹnu, ohùn Àwẹ̀ró ló ti ibẹ̀ jáde. Ohùn náà ń gbọ̀n débi pé ọ̀rọ̀ ń já sí méjì. Ó ní, "Bàbá Mojírádé, afẹ́fẹ́ ti yí padà níbí o. Aṣọ ń kọ́?"

Kí ló yẹ kí n sọ? Wọ́n ti kọ́ mi. Ó yẹ kí n ní wọ́n ti rán ọ̀run, wọ́n ti rán ilẹ̀, wọ́n ti rán ìwọ fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn gún mi lọ́kàn, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fẹ́ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí ni ọmọ Yorùbá ń sọ fún ẹni tó ń dúró de iṣẹ́? Kí ni télọ̀ ń wí, kí ni káfíńtà ń wí, kí ni ìyá tó ń gún iyán ń wí fún ọmọ tí ebi ń pa? Mo ní, "Má ṣèyọnu, Àwẹ̀ró. Ó kù díẹ̀."

Abẹ́rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lékèélékèé ti gbéra. Ìyá ní, "Ọdẹ, kí lo sọ?" Mo sáré jáde, mo ń pariwo sí ojú ọ̀run pé, "Ó ti parí! Sọ fún un pé ó ti parí!" Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí mo padà wọlé, ọwọ́ mẹ́ta ti di aṣọ náà mú, ọ̀kan ti ń rán ìrépé gbérí mọ́ ọn. Wọ́n rán an yíká, òwú ṣe rẹ́gí. Bí wọ́n ṣe gbọ́wọ́ kúrò, ihò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrépé náà, kò tóbi, kò kéré. Wọ́n fi aṣọ mìíràn dí i, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn. Tètèbẹ̀rẹ̀ gbìyànjú, Kò-wù-mí-mọ́ gbìyànjú, kò sì jù ú sílẹ̀. Atúká nìkan ló dúró gbọnrangandan nínú afẹ́fẹ́ tí kò mọ ohun tí yóò tú, nígbà tó yá ó na ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó fi nu ojú Ìyá.

Mo yíra nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n gba ojú mi, kí wọ́n gba apá mi, kí wọ́n rán gbogbo ẹnu mi pa. Ìyá ní, "Ọdẹ, dìde. Bí mo bá lè ṣe é, ṣé màá máa wò ọ́? Ọwọ́ mẹ́fà ni mo ní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń rán ohun tí ẹnu ti ya. Gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá lè móoru, kí ó móoru."

Ọyẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ nílé. Mo da aṣọ náà bo Àwẹ̀ró, kò pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ móoru, ọwọ́ rẹ̀ móoru, eyín rẹ̀ ṣíwọ́ lílu ara wọn. Àyìnkẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ihò náà wà níbi àyà. Mo yí aṣọ náà padà, mo gbé orí rẹ̀ sí ibi ẹsẹ̀, ihò náà tún wà níbi àyà. A ki òwú sí i, a tẹ́ kúbùsù lé e, òtútù gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó ni ilé. Nígbà tí mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e ni ó tó mí èémí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó. Bí mo bá fẹ́ jẹun, Àyìnkẹ́ á fi ọwọ́ tirẹ̀ rọ́pò. N kò lọ sígbó mọ́, n kò fọwọ́ kan ìbọn.

Mo sọ bó ti ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà! Àbí télọ̀ ni yín ni?" Lẹ́yìn náà ó wo ara rẹ̀ nínú aṣọ náà, ó ní, "Àwọn ará ibẹ̀ fi ìdí tó pọ̀ jù sí mi lára." Mo ní bí ìdí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ yẹn, a rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ọyẹ́ le sí i. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara ọwọ́ mi kọjá. Mo máa ń yáná, màá fi ọwọ́ ra ọwọ́, màá tún gbé e padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn lọ sóko, Àwẹ̀ró ní, "Ṣé ọwọ́ yín wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n lára mọ́."

Mo fi ọwọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́. Mo pe ọyẹ́ níjà, mo ní kí ó jáde wá bá mi lágbàlá bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, mo ka gbogbo ẹran tí mo ti pa sí i létí. Ewé gbígbẹ nìkan ló dá mi lóhùn. Mo ki Àwẹ̀ró, mo ki í láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, mo ki í láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, n kò gbọ́ kó dáhùn.

Àyìnkẹ́ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó wo tèmi, ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn ará oko fi dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e, wọ́n yà sẹ́yìn, wọ́n ní kò tíì kú, ẹ wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti móoru, ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ti móoru. Lóòótọ́ ni. Gbogbo ibi tí aṣọ yẹn bò ló móoru. Abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan ló tutù.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, kí afẹ́fẹ́ yìí má lọ mú àwọn ọmọ.